Ilẹ̀kùn tí kò ní àwòrán, ìwé tí kò ní Yorùbá: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òfin méjì ní New York

Ohun méjì ló máa ń rú àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé New York lójú: ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí kò sọ ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, àti ìwé ìjọba tí wọ́n tẹ̀ ní èdè bíi mẹ́wàá láìsí Yorùbá níbẹ̀. Òfin ìlú ló bí méjèèjì, láyé Bill de Blasio tó jẹ́ méyọ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí.

Mo wọ ilé oúnjẹ kan ní Bronx, mo bá ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì, kò sí àwòrán ọkùnrin tàbí obìnrin lára ìkankan. Èwo ni kí n wọ̀?

Èyí tó bá ṣófo ni kí ẹ wọ̀. Òfin Ìlú nọ́ńbà 79 ti ọdún 2016 ló fà á. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni méyọ̀ buwọ́ lù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2017. Ohun tó wí ni pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò lẹ́ẹ̀kan, tí èèyàn lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ látinú, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tàbí ti obìnrin nìkan. Ilé oúnjẹ, ilé ọtí, ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì ìjọba, òfin náà kàn wọ́n. Kò ní kí ẹnikẹ́ni wó ògiri tàbí kó pe púlọ́mbà. Àmì ara ilẹ̀kùn ni kí wọ́n pààrọ̀.

Àwọn tí wọ́n tìtorí wọn ṣe òfin yìí jù ni àwọn tí ìgbé ayé wọn gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tàbí obìnrin yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbí wọn. Ilẹ̀kùn yòówù kí wọ́n ṣí, ẹnì kan lè pariwo mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàbá tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta jáde, tàbí ìyàwó tó ń ti ọkọ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ó rọ àwọn náà lọ́rùn. Ẹ̀yin obìnrin tó ti tò sórí ìlà rí nígbà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ọkùnrin wà lófìfo, ẹ ò nílò àlàyé.

Ṣé pé ọkùnrin lè wá bá mi nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ńlá tó ní yàrá púpọ̀ nìyẹn?

Òfin 79 kò fọwọ́ kan tọ́ílẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí n má fi nǹkan pamọ́: àṣẹ mìíràn wà tí méyọ̀ kan náà fi lélẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2016. Nínú ilé tó jẹ́ ti ìjọba ìlú, kálukú lè lo èyí tó bá bí ó ṣe mọ ara rẹ̀ mu, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Oṣù yẹn gan-an ni ìpínlẹ̀ North Carolina ṣe òfin tó tako irú èyí pátápátá, kí wọ́n tó yọ apá kan nínú rẹ̀ ní ọdún 2017. Nítorí náà, ẹ má gbé òfin New York lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Kí ló yẹ ká máa pe irú tọ́ílẹ́ẹ̀tì yìí ní Yorùbá?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé "Ilé ìtura fún gbogbo ẹ̀yà", ìṣòro méjì ló ti dá sílẹ̀. Ilé ìtura ni ọ̀pọ̀ wa ń pe hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yà ńkọ́? Ẹni tó bá kà á á rò pé wọ́n ń sọ fún Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá pé wọ́n lè jọ tọ̀ níbẹ̀. "Tọkùnrin tobìnrin" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè gbà pé kí àwọn méjèèjì jọ wọlé ni. Tí wọ́n bá bi mí, "Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó" ni màá kọ.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èdè wa ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ náà tipẹ́: "ó" kì í sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ilé olójúlé mẹ́wàá tí a gbé ní Mushin tàbí Ìbàdàn, ṣáláńgá kan náà ni tọmọdé tàgbà ń lò, kò sí ẹni tó ya àwòrán sára ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kí ló dé tí Yorùbá kò fi sí lára èdè mẹ́wàá náà?

Òfin Ìlú nọ́ńbà 30 ti ọdún 2017 ló sọ ọ́ di mẹ́wàá. Mẹ́fà ni àṣẹ méyọ̀ Bloomberg ti ọdún 2008 mú lò. Àwọn mẹ́wàá náà ni èdè Sípéènì, Ṣáínà, Rọ́ṣíà, Bẹ̀ńgálì, Kíríólì ti Haiti, Kòríà, Lárúbáwá, Úrdù, Faransé àti Póláǹdì. Ìṣirò ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ni wọ́n fi yan mẹ́fà, ìṣirò ti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìlú ni wọ́n fi yan mẹ́rin.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ń kà. Kì í ṣe iye ẹni tó ń sọ èdè, iye ẹni tó ń sọ ọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn á bi yín pé báwo lẹ ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí: dáadáa gan-an, dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, tàbí rárá. Ẹni tó bá mú "dáadáa gan-an" ti kúrò nínú ìṣirò. Àwa tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ilé ìwé, ta ni nínú wa tó máa mú òmíràn? Bí ọmọ bá ń bá màmá àgbà kọ ọ́, ìtìjú kì í jẹ́ kó kọ òótọ́.

Àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ láti orílẹ̀-èdè Benin rí tiwọn ṣe o, Faransé tí wọ́n kọ́ ní ilé ìwé wà níbẹ̀.

Ṣé ìyá mi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò wá rí nǹkan kan gbà?

Á rí gbà. Ìwé títẹ̀ ni mẹ́wàá yẹn wà fún. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, òfin kan náà ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú ní ògbufọ̀ orí fóònù ní ó kéré tán èdè 100, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sì ní Yorùbá. Kí màmá ṣáà ti dárúkọ "Yorùbá" ní wíńdò. Wọn á pe ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ á di ti ẹni mẹ́ta, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀. Kí màmá máa sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú, kó sì dúró kí ògbufọ̀ parí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka èdè Èkìtì ló wà lẹ́nu màmá tí ẹni orí fóònù kò gbọ́, kí ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ọmọ mi ọlọ́dún 12 ló máa ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà ní ọsibítù. Ṣé ó burú?

Ó burú, ó sì lòdì sí òfin. Ìlànà ìpínlẹ̀ New York ní kí ọsibítù wá ògbufọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 bó bá jẹ́ pàjáwìrì, ìṣẹ́jú 20 níbi tó kù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣe é, àfi ní pàjáwìrì. Àgbàlagbà nínú ẹbí lè ṣe é tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fi ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ lọ aláìsàn, tí òun fúnra rẹ̀ sì ní ẹbí òun lòún fẹ́.

Ẹ rò ó wò. Ìyá wo ló máa là á fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé òun tún ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún tí nǹkan oṣù ti dá? Á ní inú ló ń run òun, dókítà á fún un lóògùn inú rírun. Tí ó bá sì ní "àyà mi ń já", ọmọ tí wọ́n bí síbí lè sọ fún dókítà pé nǹkan já ní àyà màmá.

A gbọ́ pé ààrẹ Trump ti fagi lé gbogbo ètò ògbufọ̀ yìí.

Nígbà tí Trump kéde Gẹ̀ẹ́sì ní èdè ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, ohun tó fagi lé ni àṣẹ tí ààrẹ Clinton pa ní ọdún 2000, pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ran ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lọ́wọ́. Òfin ìlú New York kò sí lábẹ́ àṣẹ yẹn.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti pe ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú ńkọ́?

Ẹ kọ ọjọ́, aago àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì náà sílẹ̀, kí ẹ pe 311, nọ́ńbà fóònù tí ará ìlú fi ń kàn sí ìjọba ìlú. Wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú. Nọ́ńbà kan náà lẹ máa pè fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹnì kan tí àmì àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ sì lè fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn.