Bí àkókò tí àmì ìràwọ̀ ń dé ṣe ń sọ ìwọ̀n rẹ̀

Nígbà tí ìràwọ̀ ńlá kan bá bú gbàmù, àárín rẹ̀ lè rún pọ̀ di ìràwọ̀ níútírọ̀n, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń ju ti oòrùn lọ, síbẹ̀ tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ. Èyí tó bá ń yí lójú kan, tí ìgbì rédíò rẹ̀ sì ń fẹ́ kọjá lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ni wọ́n ń pè ní pọ́lsà. Lọ́dún 1974, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Russell Hulse àti Joseph Taylor, lo awò rédíò Arecibo ní Puerto Rico láti rí pọ́lsà kan tí wọ́n ń pè ní PSR B1913+16, tó ń yí ní bí ìgbà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun àti ìràwọ̀ níútírọ̀n mìíràn jọ ń yípo ara wọn ní wákàtí 7.75, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan tó ń ti ọ̀dọ̀ ìkejì yìí wá. Ohun gbogbo tí a mọ̀ nípa rẹ̀, inú àkókò tí àmì ti ìkínní ń dé ni wọ́n ti fà á yọ.

Àmì ẹyọ kan, ìyẹn ìgbì rédíò tó ń kọjá nígbà tí pọ́lsà bá yí lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà lágbára tó láti hàn láàárín ariwo inú ẹ̀rọ. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà máa ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn léra, kí orí wọn ṣe déédéé, títí ìrísí kan tó mọ́ kedere yóò fi yọ. Wọn á wá gbé e lé ìrísí àwòṣe tó wà nílẹ̀, wọn á sì fi aago átọ́ọ̀mù, aago tó péye gan-an, kọ àkókò tó dé. Àtúnṣe méjì ṣì kù. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (àwọn ohun tín-tìn-tín tó máa ń wà nínú átọ́ọ̀mù) tó wà lójú ọ̀nà máa ń dá ìgbì tó gùn dúró ju èyí tó kúrú lọ, ayé fúnra rẹ̀ sì ń rìn yí oòrùn ká, nítorí náà wọ́n máa ń ṣírò ìgbà tí àmì náà ìbá dé bó bá jẹ́ pé àárín gbùngbùn ìwọ̀n oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á.

Ibi tí agbára ọ̀nà yìí wà gan-an ni kíka iye ìgbà tí pọ́lsà náà ti yí láìfo ẹyọ kan, kódà ní àwọn oṣù tí ẹnikẹ́ni kò kọjú awò sí i. Bí àṣìṣe ìṣírò kò bá ti tó ìdajì àkókò tó fi ń yí lẹ́ẹ̀kan, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣi ẹyọ kan kà. Ìyàtọ̀ kékeré tó bá wá ṣẹ́ kù láàárín ìgbà tí ìṣírò dá àti ìgbà tí àmì dé ni wọ́n ń yẹ̀ wò fínnífínní.

Bí pọ́lsà bá wà lápá ọ̀dọ̀ wa nínú ìrìn rẹ̀, àmì rẹ̀ á yá. Bó bá kọjá sí òdìkejì, á pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Èyí ń fi bí ọ̀nà ìyípo náà ṣe rí hàn, ṣùgbọ́n kò tó láti sọ ìwọ̀n ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun méjì mìíràn ló ń parí ìyẹn: ọ̀nà ìyípo tó rí bí ẹyin náà ń yí ojú padà ní dígíríì 4.2 lọ́dọọdún, àkókò fúnra rẹ̀ sì ń falẹ̀ fún pọ́lsà bó bá sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Bí a bá gba àbá Albert Einstein ti ọdún 1915 nípa òòfà gbọ́, ìyẹn agbára tí àwọn nǹkan fi ń fa ara wọn mọ́ra nítorí ìwọ̀n wọn, méjèèjì yìí fi hàn pé ìwọ̀n ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.4 ti oòrùn.

Àbá kan náà wá sọ pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa pàdánù agbára gẹ́gẹ́ bí ìgbì òòfà, kí àkókò ìyípo wọn sì máa dín kù. Ó ń dín kù lóòótọ́, ní nǹkan bí ìdá 76 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́dún, bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Wọ́n lè wọn ohun tó kéré tó báyìí nítorí pé ó ń kó jọ: láàárín ọgbọ̀n ọdún, ìgbà tí àwọn méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn jù lọ ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 ṣáájú ìgbà tí ìbá jẹ́ ká ní àkókò ìyípo wọn kò yí padà. Iṣẹ́ yìí ló fún Hulse àti Taylor ní Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1993.