Ilé ọmọ tí ẹmẹsẹ̀ kì í dé mọ́

“Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o, aboyún ni.” Nílé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, ìròyìn ikú kì í ṣàdédé dé etí aláboyún, àwọn ìyá àgbà á ti dí i lọ́nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe sí i ló ń bí èèyàn nínú: pé bí àyà rẹ̀ bá ti já pẹ́nrẹ́n, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ bá ọmọ á dá lójú ẹsẹ̀. Ara obìnrin ti gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí oyún tó dé, ọ̀rọ̀ wọn ì bá fẹ́ jọ òótọ́. Àwọn nẹ́ẹ̀fù tín-ín-rín, ìyẹn okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ara, wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ, wọ́n sì ń da èròjà kan tó ń jẹ́ noradrenaline sí i lára kó lè fún pọ̀. Ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin Ọọ̀ni, gan-an ni wọ́n jọ. Bí ìpáyà bá dé, ọpọlọ tó jẹ́ ààfin á rán wọn kiri àdúgbò pé kí kóówá dín ohun tó ń gbà kù: awọ ara gbọ́, ìfun gbọ́, ilé ọmọ náà gbọ́.

Nígbà tí oyún bá wá dúró, ara kò sọ fún ẹmẹsẹ̀ pé kó dákẹ́. Ṣe ló ń yọ ọ́ níṣẹ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gé ilé ọmọ guinea pig, ẹranko kékeré kan, pẹlẹbẹ, wọ́n fín in ní èéfín kẹ́míkà tó ń jẹ́ formaldehyde, wọ́n sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Níbi tí noradrenaline bá wà, á máa tàn yòò bí àwọ̀ ewé. Lára èyí tí kò lóyún, fọ́nrán tó ń tàn kún ibẹ̀. Lára èyí tó kù díẹ̀ kó bímọ, òkùnkùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Ẹnu nẹ́ẹ̀fù yẹn ti rọ. Èyí tó wà nínú ẹran ilé ọmọ ló ń lọ jù, èyí tó wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ń dín kù, èyí tó wà lára iṣan ńlá lóde kì í sì í lọ tán. Tìyá tọmọ á ti wà nílé dáadáa kí àwọn nẹ́ẹ̀fù náà tó hù padà díẹ̀díẹ̀. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lára èèyàn náà: nẹ́ẹ̀fù ṣọ̀wọ́n gan-an nínú ilé ọmọ tí oyún rẹ̀ ti gbó.

Ara kò sì fi mọ síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì láti inú ibi ọmọ ń wọ àwọn iṣan kéékèèké tó ń bọ́ ọmọ, wọ́n ń jẹ ẹran tó ń fún wọn pọ̀, iṣan á sì là gbàgà. Ẹmẹsẹ̀ tó bá yọ́ wọ ibẹ̀ kò ní bá ẹni tí yóò jíṣẹ́ fún. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ilé ọmọ, tó jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 50 ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, á di 500 ó lé.

Bó bá ń jọ ẹnì kan lójú pé ilé ọmọ kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ẹmẹsẹ̀, kó wo Sweden. Lọ́dún 2014, obìnrin kan tí wọ́n fún ní ilé ọmọ ẹlòmíì bímọ níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ làwọn dókítà so pọ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, wọn kò so nẹ́ẹ̀fù kankan.

Ètò yìí ní ibi tó kù sí ṣá. Ààfin ṣì lè pariwo láti ojú ọjà: adrenaline, ìbátan noradrenaline, ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, kò nílò ẹmẹsẹ̀. Èyí tó le jù ni pé iṣan tó ti là sílẹ̀ pátá kò ní ọgbọ́n míì tó lè dá mọ́ bí agbára ẹ̀jẹ̀ ìyá bá lọ sílẹ̀. Bí ti ìyá bá ṣe ń dín kù ni ìpín ọmọ náà ń dín kù. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára aboyún léwu ju ìròyìn burúkú lọ fíìfíì. Fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn náà kò dáa nígbà tí oyún bá ti wọ oṣù keje, torí ilé ọmọ tó ti wúwo á tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ẹ̀gbẹ́ ni kó máa fi sùn.