Àṣàyàn àdánidá: kí ló dé tí ẹ̀fọn kan kò kú mọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní Ìlóde, Ilé-Ifẹ̀, mo jí, mo rí ẹ̀fọn kan tó bà sínú nẹ́ẹ̀tì, ikùn rẹ̀ rí rògòdò. Mo pa á, ẹ̀jẹ̀ ara mi ló kun àtẹ́lẹwọ́ mi. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn sì ni o. Màámi ní, "Oògùn yẹn ti mọ́ wọn lára."

Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀fọn tó ń fara mọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹnu mọ́ ata.

Lára iṣan tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ara ẹ̀fọn, ilẹ̀kùn tíntìntín kan wà tí sódíọ̀mù (èròjà kan tó wà nínú iyọ̀) ń gbà wọlé. Ó yẹ kó ṣí, kó sì tún pa dé. Permethrin, ìyẹn oògùn tó wà lára nẹ́ẹ̀tì, ni yóò há a ní ṣíṣí sílẹ̀. Iṣan á máa gbọ̀n láìsinmi, ẹ̀fọn á ṣubú, á kú. Jíìnì kan (ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa kan ilẹ̀kùn náà. Lára ẹ̀fọn mélòó kan, àṣìkọ kan ṣèèṣì wọ inú jíìnì yìí: ní ipò 1014 lára àwọn èròjà tí wọ́n tò pọ̀ di ilẹ̀kùn náà, èròjà kan tó ń jẹ́ phenylalanine gba àyè òmíràn tó ń jẹ́ leucine. Oògùn ò rí ibi dì mú dáadáa mọ́.

Kì í ṣe oògùn ló bí àṣìkọ yẹn. Ohun tí oògùn ṣe ni pé ó pa àwọn tí kò ní in kí wọ́n tó yé ẹyin. Àwọn tó gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló lè dúró jù. Abo ẹ̀fọn kan lè yé ẹyin 50 sí 200 lẹ́ẹ̀kan, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ẹyin ti di ẹ̀fọn. Ẹ bá mi ka ìran tó máa kọjá lásìkò òjò kan ṣoṣo! Àgbẹ̀ a máa ṣa kòkó tó dára fún irúgbìn. Níbí, ikú ló ń ṣà, kò sì sẹ́ni tó rán an. Àṣàyàn àdánidá nìyẹn.

Jíìnì mìíràn tún wà tó ń jẹ́ kí ara ẹ̀fọn máa fọ́ oògùn náà túútúú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PBO mọ́ oògùn àwọn nẹ́ẹ̀tì tuntun kan, kó so àwọn afọ́-oògùn yẹn lọ́wọ́. Àmọ́ kò kan ilẹ̀kùn 1014.

Mo wo nẹ́ẹ̀tì wa fínnífínní lọ́jọ́ náà. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó tó ìka méjì. Mo ti rán an.