Ibi tó ń tàn lórí seismic lè tàn yín jẹ o

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, "ṣé ẹ máa ń rí epo yẹn nínú ilẹ̀ ni?" Rárá o, gbohùngbohùn lásán la ń gbọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní seismic ni pé ká rán ìró sínú ilẹ̀, ká wá fi èyí tó ta padà ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tí Karcher, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dán an wò ní Oklahoma lọ́dún 1921, dáínámáìtì ni wọ́n yìn. Lóde òní mọ́tò ńlá kan ló máa gbé irin pẹrẹsẹ kalẹ̀ táá máa fi gbo ilẹ̀ jìgìjìgì, tó bá jẹ́ orí òkun, afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́nú ìbọn ni wọ́n ń yìn sínú omi. Ìró yẹn á wọlẹ̀ lọ, tó bá ti kan ibi tí àpáta kan parí sí tí òmíì tó le jù ú lọ tàbí tó rọ̀ jù ú lọ bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀ á ta padà sókè, ìyókù á máa lọ.

Àwòrán tó ń jáde níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀, àsìkò ni, kì í ṣe mítà. Tí ìró bá lọ tó bọ̀ ní sẹ́kọ́ńdù 2, tó sì ń rin 3,000 mítà ní sẹ́kọ́ńdù kan, a jẹ́ pé ibẹ̀ jìn tó 3,000 mítà. Ẹ wá ṣi eré ẹ̀ kà pẹ̀lú 5 nínú 100 péré, ẹ ti fi 150 mítà ṣìnà nìyẹn! Abẹ́ òkìtì iyọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ló burú jù, ìró máa ń sáré gan-an nínú iyọ̀, èyí tó bá gba ibẹ̀ kọjá á tètè dé, ilẹ̀ tó tẹ́jú á wá dà bí òkè lójú yín, òkè kankan ò sì sí níbẹ̀.

Ibi tó ń tàn yòò lórí àwòrán wá ńkọ́? Gáàsì máa ń fa ìró sẹ́yìn nínú yanrìn, ìdí nìyẹn tí gbohùngbohùn ibẹ̀ fi máa ń le tó ń tàn yòò lórí sikirín, tí ọkàn àwọn tó lówó níbẹ̀ á sì fò sókè. Àmọ́ gáàsì bíńtín tó wà láàárín omi lè tàn bíi ti èyí tó kún dẹ́nu, ẹ gbẹ́ ẹ, omi lẹ bá. Èmi sha, ohun tí mo máa ń wá ni ìlà tó tẹ́jú pẹrẹsẹ tó gba àárín àwọn ìpele tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, torí bí àpáta bá fì, ojú omi tó wà lábẹ́ gáàsì kì í bá a fì.

Iṣẹ́ gidi tiẹ̀ ni fífa ìlà lórí àwòrán yẹn. Màá mú ìlà dúdú kan, ìyẹn gbohùngbohùn ìpele àpáta kan, màá máa tẹ̀ lé e, tó bá dé ibi tí ilẹ̀ ti ya á já, mo gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ òun gan-an lódìkejì. Lẹ́yìn náà màá yí po padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ ìlà tó wà lókè ẹ̀ ni mo gbé dé, mo ti ṣìnà níbì kan. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo tún un fà.