Ọmọ inú odò Thames: ohun tí ẹ̀rí sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá Tower Bridge ní London rí ohun kan tó ń léfòó lórí odò Thames. Àwọn ọlọ́pàá fi ọkọ̀ ojú omi lé e, wọ́n gbé e jáde: ara ọmọdékùnrin kan ni. Orí kò sí, ọwọ́ kò sí, ẹsẹ̀ kò sí. Ṣòkòtò péńpé kan tó pọ́n bí ọsàn nìkan ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí orúkọ pè é, wọ́n sọ ọ́ ní Adam. Kò sí ẹni tí wọ́n tíì gbé dé kóòtù pé òun ló pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an, nítorí ẹ̀rí inú egungun ọmọ náà tọ́ka sí agbègbè wa. Ohun tó sì ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí: báwo ni wọ́n ṣe lè mọ ilẹ̀ tí ọmọ ti jẹun dàgbà, kí wọ́n má sì mọ orúkọ rẹ̀?

Kò sí orí, kò sí eyín. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Eyín ni ìbá kọ́kọ́ sọ ọ́, torí eyín ọmọdé ní ìgbà tó ń hù, ó ní ìgbà tó ń ká, ó sì ní ìgbà tí ti àgbà ń gba ipò rẹ̀. Tí eyín bá ti lọ, egungun ẹ̀yìn ni a ń yíjú sí. Lára ọmọ tuntun, ìpín mẹ́ta ni oríkèé kọ̀ọ̀kan nínú egungun ẹ̀yìn, kerekere ló so wọ́n pọ̀. Ìpín méjì tó wà lápá ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ra láàárín ọdún 1 sí 3; lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ti iwájú, láàárín ọdún 3 sí 6. Ẹni tó ń wo X-ray á wo èyí tó ti lẹ̀ àti èyí tó ṣì là sílẹ̀. Adam, wọ́n fi í sáàárín ọdún 4 sí 7. Kò lè jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, torí egungun ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa tàbí tó ń ṣàìsàn máa ń rẹ̀yìn sí ọjọ́ orí rẹ̀.

Ṣòkòtò péńpé yẹn ńkọ́?

Àmì tí wọ́n rán mọ́ ọn ni wọ́n kọ́kọ́ kà: Kids & Company. Aṣọ ọmọdé tí ilé ìtajà Woolworths ń tà ní ilẹ̀ Jámánì nígbà náà ni, wọn kì í tà á ní London. Ìyẹn ló gbé àwọn ọlọ́pàá dé Jámánì. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í jókòó sójú kan. Wọ́n lè rà á fún ọmọ mìíràn, kí wọ́n fi ta èèyàn lọ́rẹ, kí ó di àlòkù. Ọ̀nà tí aṣọ gbà ni ó fi hàn wá. Ẹni tó mú un gba ọ̀nà náà kò sí lára àmì yẹn.

Ó dùn mí pé àwọn kan tìtorí àwọ̀ ṣòkòtò yìí fi ọ̀rọ̀ náà lọ Ọ̀ṣun. Aṣọ funfun ni olùsìn Ọ̀ṣun mọ̀, idẹ ni ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ọmọ sì ni wọ́n ń lọ tọrọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ aṣọ tí wọ́n rà ní ọjà ilẹ̀ òyìnbó kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Ṣé òótọ́ ni pé egungun lè sọ ìlú tí èèyàn ti wá?

Egungun kò mọ ìlú. Àpáta ló mọ̀. Nínú àpáta, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní rubidium. Irú rẹ̀ kan, rubidium 87, ń yí padà díẹ̀díẹ̀ di èròjà mìíràn, strontium 87, ó sì ń lọ́ra débi pé ìdajì rẹ̀ kò ní tíì yí tán ní bílíọ̀nù ọdún 49. Strontium 86, irú strontium mìíràn, kì í pọ̀ sí i ní tirẹ̀. Nítorí náà, bí àpáta tó ní rubidium púpọ̀ bá ṣe ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni 87 inú rẹ̀ ń pọ̀ ju 86 lọ. Tí a bá fi 86 pín 87, òkúta tí òkè ayọnáyèéfín ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde sábà máa ń wà láàárín 0.703 sí 0.705. Omi òkun jẹ́ 0.7092. Àpáta líle àtijọ́ lè kọjá 0.720 dáadáa.

Òjò ń jẹ àpáta, ó ń di erùpẹ̀. Iṣu àti ẹ̀fọ́ ń fà á láti inú erùpẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ewé, àwa náà ń jẹ gbogbo wọn. Ara kò dá strontium mọ̀ yàtọ̀ sí calcium, èròjà tó ń mú egungun le, inú egungun ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, iye yẹn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lójú ọ̀nà láti ilẹ̀ dé ara. Egungun ọmọdé máa ń tún ara rẹ̀ kọ́ kíákíá, torí náà ọdún mélòó kan tó gbẹ̀yìn ni a ń kà nínú rẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ayé rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. A ó gé egungun kékeré kan, a ó ha ojú rẹ̀ kúrò, a ó fi omi kíkan tí kò lágbára fọ̀ ọ́ láti yọ ohun tó wọlé láti ìta. Ìfọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ Adam, torí ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ara rẹ̀ lè ti wà nínú omi, omi odò náà sì ní strontium tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó fi ásíìdì yọ́ ọ, a ó dà á gba inú ọ̀pá tó ní èròjà tó máa ń mú strontium nìkan, tí yóò jẹ́ kí rubidium ṣàn kọjá. Bí rubidium díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, òṣùwọ̀n á bà jẹ́, torí ìwọ̀n kan náà ni rubidium 87 àti strontium 87 ní, ẹ̀rọ á pè wọ́n ní ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa ń gbé ìgò tí kò ní egungun nínú gba gbogbo ìgbésẹ̀ yìí kan náà, kí a lè mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ti inú láàbù wá. Nọ́ńbà tó ń yani sọ́tọ̀ lè jẹ́ ìkẹrin lẹ́yìn pọ́íǹtì, ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí kékeré fi lè ṣini lọ́nà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Pye ti Royal Holloway, University of London, ló ṣe iṣẹ́ yìí lórí Adam. Ohun tó rí bá ilẹ̀ àpáta àtijọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mu. Bàbà àti òjé inú egungun náà sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn máa ń retí lára ọmọ tó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan lásán kò já mọ́ nǹkan tí kò bá sí ohun tí a ó fi wé. Àwọn oníṣẹ́ ìwádìí wá sí Nàìjíríà, wọ́n kó erùpẹ̀ àti òkúta, wọ́n gba egungun ẹranko, wọ́n sì gba egungun èèyàn láti ibi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò òkú. Ìgbà tí wọ́n fi wọ́n wé ti Adam ni ọ̀rọ̀ náà tó dín kù sí agbègbè kan láàárín Ìbàdàn àti Benin City.

Ṣé èyí wá fi hàn dájú pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí?

Rárá o. Ibi méjì tó jìnnà síra lè ní àpáta kan náà. Ẹni tó ń jẹ ìrẹsì tí ọkọ̀ òkun gbé wá kò jẹ ilẹ̀ tó ń gbé tán. Ohun tí strontium mọ̀ ọ́n ṣe jù ni pé kó sọ pé ibí yìí kọ́. Ó lé London kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́dàgbà ọmọ yẹn pátápátá, ó sì yí ojú ìwádìí padà. Kó tó dìgbà yẹn, apá gúúsù Áfíríkà ni ọkàn wọn ń lọ, torí wọ́n rò pé ìpànìyàn ṣoògùn ti ọ̀hún ni. Nelson Mandela fúnra rẹ̀ bẹ aráyé ní oṣù Kẹrin ọdún 2002 pé kí ẹni tó bá mọ ìdílé ọmọ yìí jáde. Àròsọ tó ṣáájú ẹ̀rí máa ń ná wa ní àkókò.

Kí ni wọ́n rí nínú ìfun rẹ̀?

Ibi tí nǹkan wà nínú ìfun dà bí aago. Oúnjẹ sábà máa ń kúrò nínú ikùn láàárín wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n kó tó dé ìsàlẹ̀ ìfun, ó lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú ara Adam wọ́n rí pholcodine, oògùn ikọ́. Ẹnì kan fún ọmọ náà ní oògùn ikọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó kú. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè ka èyí kọjá láìdúró.

Ní ìsàlẹ̀ ìfun, ohun mìíràn wà níbẹ̀: èérún ewéko, àti amọ̀ rogodo kéékèèké tí wúrà lẹ́búlẹ́bú wà nínú wọn. Èérún ewéko yẹn kò ní òórùn mọ́, kò ní àwọ̀ tó ṣeé dá mọ̀. Bí wọ́n ṣe to sẹ́ẹ̀lì ara èèpo rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ọgbà Royal Botanic Gardens, Kew, fi í sábẹ́ máíkíróskóòpù, wọ́n fi wé irúgbìn tí wọ́n ní nípamọ́, wọ́n sì rí i pé ẹ̀wà Calabar ni, *Physostigma venenosum*, èyí tí àwọn Efik ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, òun ni wọ́n fi ń dán ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò: bó bá bì í, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Májèlé inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí àṣẹ tí iṣan ara fún ẹran ara tán nílẹ̀. Ẹran ara á máa fà, títí èémí á fi ṣòro.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi ilẹ̀ Yúróòpù náà wà nínú ìfun. Òun ló fi hàn pé ọmọ yìí wà láàyè ní ọ̀hún fún ìgbà díẹ̀, pé kì í ṣe òkú ni wọ́n gbé débẹ̀.

Wọ́n ní DNA rẹ̀. Kí ló dé tí orúkọ ò fi jáde?

DNA kì í sọ orúkọ, àfi kí a rí ẹni tí a ó fi wé. Oríṣi méjì ni wọ́n ń wò. Àkọ́kọ́ ni ti mitochondria, ìyẹn ohun kéékèèké tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì; gígùn DNA rẹ̀ tó lẹ́tà 16,569. Ìyá nìkan ló ń fún ọmọ ní èyí, ẹ̀dà rẹ̀ sì pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó máa ń yè nígbà tí omi àti kòkòrò bá ti ba ìyókù jẹ́. Ti Adam tọ́ka sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ló ń pín in, ìyá ìyá àti àbúrò ìyá náà wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọn kò mọ ara wọn rí sì lè ní irú rẹ̀.

Èkejì ni èyí tí bàbá àti ìyá jọ fún ọmọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2001, ibi mẹ́wàá ni wọ́n ń kà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kan tó ń sọ akọ tàbí abo. Ó tó láti fi ìdí òbí múlẹ̀, bí òbí bá jáde.

Ọ̀nà tuntun kan wà: kí wọ́n ka ibi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún lórí DNA, kí wọ́n sì wá ìbátan tó jìnnà lọ́dọ̀ àwọn tó ti fi tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló dá orúkọ padà fún ọmọdékùnrin kan tí wọ́n rí nínú páálí ní Philadelphia ní oṣù Kejì ọdún 1957. Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ìṣòro tiwa ni pé àwọn tó wà nínú àkójọ yẹn, ìran Yúróòpù ló pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Adam lè máà sí níbẹ̀ rárá.

Mo ti gbọ́ pé wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ rí.

Obìnrin kan dárúkọ kan ní 2011, ó sì dá òmíràn ní 2013. Ẹ̀rí kankan kò gbe èyíkéyìí lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan tí ìwádìí náà kàn lọ sẹ́wọ̀n ní 2004, ṣùgbọ́n kíkó èèyàn wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà àìtọ́ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Tí ìdílé kan bá wá jáde lónìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Wọn kò ní láti hú ọmọ náà, tí wọ́n sin sí London lọ́dún 2006. DNA rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Òwú tí wọ́n so mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kó má baà hu bu, wọ́n á sì fi èdìdì dì í níṣojú rẹ̀. Tí ìyá bá ti kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó. Tí kò bá sí obìnrin kankan mọ́, bàbá tó, tàbí ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò ti ọmọ ìyá kò lágbára tó ti òbí. Ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kà, nọ́ńbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn lẹ́tà DNA kan tún ara wọn ṣe: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìyá. Tí ibi méjì tàbí mẹ́ta kò bá ti bá ara wọn mu, wọ́n á sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá mu, wọ́n á bi í ní orúkọ tó sọ ọ́.