Nixie: gílóòbù onínọ́ńbà, àti rẹsítọ̀ kékeré tó ń pinnu ẹ̀mí rẹ̀

Nixie ni gílóòbù dígí tó máa ń fi nọ́ńbà hàn pẹ̀lú iná pupa bí ọsàn tó pọ́n. Lónìí, aago ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣe, láti inú kíìtì, ìyẹn àkójọ ẹ̀yà tí ènìyàn á fúnra rẹ̀ tò pọ̀. Kò ní fílámẹ́ǹtì tó ń gbóná bíi ti gílóòbù ilé. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àwòrán nọ́ńbà, láti 0 dé 9, wọ́n sì tò wọ́n léra bí abọ́. Àwọn nọ́ńbà yìí ni káàtódù. Àwọ̀n irin tó wà níwájú wọn ni ánóòdù. Gáàsì níónì ló kún inú dígí náà. Nọ́ńbà tí iná bá gbà kọjá, gáàsì tó yí i ká á tàn, àwọn yòókù á wà nínú òkùnkùn.

Ilé-iṣẹ́ Burroughs ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1955. Nígbà tí LED gbòde ní àwọn ọdún 1970, Amẹ́ríkà pa á tì, ṣùgbọ́n Soviet ń ṣe tiwọn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjà Soviet tí wọ́n kó pamọ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ kíìtì aago: IN-12 àti IN-14, tí nọ́ńbà wọn ga tó mílímítà 18, tàbí IN-18 tí tirẹ̀ tó 40. Dalibor Farný ń ṣe tuntun ní orílẹ̀-èdè Czech, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé fóòtì (agbára tó ń ti iná) ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ kọ́rẹ́ǹtì (iye iná tó ń ṣàn) ló ń pa gílóòbù yìí. Kí gáàsì tó tàn, iná kò rí ọ̀nà gbà rárá. IN-14 lè gba tó fóòtì 170 kó tó tàn. Tó bá ti tàn tán, nǹkan bí 140 péré ló ń dúró lórí rẹ̀, iye yẹn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà bó ti wù kí kọ́rẹ́ǹtì pọ̀ tó. Bí a bá wá fún un ní 180, ta ni yóò gbé 40 tó ṣẹ́kù? Rẹsítọ̀ ánóòdù ni, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù. Bí kò bá sí i, kọ́rẹ́ǹtì á máa gòkè títí nǹkan kan á fi jóná. Kọ́rẹ́ǹtì tó tọ́ fún IN-14 jẹ́ mílíámpù 2.5. Ẹ pín fóòtì 40 sí ámpù 0.0025, ẹ ó rí óòmù 16,000. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà tó sún mọ́ ọn ni 15,000 tàbí 18,000. Èmi á mú 18,000. Iná rẹ̀ á rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀mí gílóòbù á sì gùn.

Ìṣirò yìí wà fún kíìtì tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ti ní IC tirẹ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń yan nọ́ńbà tó máa tàn), bíi K155ID1. Nínú kíìtì olówó pọ́ọ́kú, IC kan ni gbogbo gílóòbù ń pín lò, wọ́n ń tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyára tí ojú kò lè rí. Rẹsítọ̀ irú èyí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé gílóòbù kì í tàn ju ìdámẹ́rin tàbí ìdámẹ́fà àkókò lọ. Ẹ má ṣe gbé iye ti ìkíní sínú ìkejì.

Adápítọ̀ fóòtì 12 ló sábà máa ń gbé aago náà. Kọ́ìlì, MOSFET (tiransísítọ̀ tó ń tan iná, tó ń pa á kíákíá) àti dáyódù (tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn) ló ń sọ 12 di 180. Bí dáyódù UF4004 bá sọnù, ẹ má ṣe fi 1N4007 rọ́pò rẹ̀: ó lọ́ra jù, òun àti MOSFET á gbóná, fóòtì kò sì ní dé ibi tó yẹ.

Apá tó ń ṣe iná ni kí ẹ kọ́kọ́ jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ tan án láìtíì fi IC àti gílóòbù sí i, kí ẹ wọn fóòtì 5, lẹ́yìn náà kí ẹ yí rẹsítọ̀ àtúnṣe títí mítà á fi ka láàárín 170 sí 180. Ọwọ́ kan ni kí ẹ fi ṣe é, kí èkejì wà lẹ́yìn. Kapásítọ̀ ibẹ̀ ṣì ń mú iná dání lẹ́yìn tí ẹ bá yọ adápítọ̀. Ẹ fi rẹsítọ̀ óòmù 10,000 tí ẹ fi ike bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tú u, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

IN-12 ń wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní wẹ́rẹ́. IN-14 ló ń dá ènìyàn láàmú, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀. Ẹ gé àwọn ẹsẹ̀ náà kí wọ́n máa kúrú díẹ̀díẹ̀ yípo, èyí tó gùn jù á kọ́kọ́ wọ ihò, èkejì á tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ánóòdù ni èyí tí funfun wà nídìí rẹ̀ nínú dígí. Ẹ má ṣe tẹ ẹsẹ̀ kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí gan-an: bí dígí bá sán, afẹ́fẹ́ á wọlé, ó parí nìyẹn.

Bí 7 kò bá tàn nínú gílóòbù kan ṣoṣo, ẹ wo léèdì (òjé tí ẹ fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù) ẹsẹ̀ 7 lábẹ́ rẹ̀. Bí 7 kò bá tàn nínú gbogbo wọn, nínú kíìtì oní-IC kan, IC tàbí tiransísítọ̀ nọ́ńbà yẹn ni. Nọ́ńbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: léèdì ti so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, tàbí IC ti bàjẹ́. Bí òjìji nọ́ńbà gílóòbù kan bá ń hàn nínú èkejì, ètò orí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí aago kò sinmi tó láàárín gílóòbù méjì. (5 inú IN-12 àti IN-14 ń dà bí 2 tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe àṣìṣe yín.)

Àìsàn tí wọ́n ń pè ní cathode poisoning kì í fara hàn lọ́jọ́ kìíní. Nọ́ńbà tó ń tàn máa ń ta ẹ̀rún irin sára àwọn tí kò tàn. Ibi tí ẹ̀rún náà bá bò kì í tàn mọ́. Gílóòbù àkọ́kọ́ nínú aago oníwákàtí 24 kì í fi ju 0, 1 àti 2 hàn, torí náà òun ló ń kọ́kọ́ kó o. Ẹ ṣètò kí aago máa sáré ka gbogbo nọ́ńbà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóru. Èyí tó ti kó o tẹ́lẹ̀, ẹ tan nọ́ńbà náà nìkan fún wákàtí bíi mélòó kan, kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa wò ó.

Ní ti ọ̀ṣọ́, igi líle ló yẹ àpótí rẹ̀, kí ihò atẹ́gùn wà lẹ́yìn ibi tí MOSFET wà. Ọ̀pọ̀ kíìtì ń fi LED aláwọ̀ búlúù sábẹ́ gílóòbù. Pípa ni mo máa ń pa á, torí ó ń bo àwọ̀ níónì mọ́lẹ̀. Ohun tó tọ́ sí owó ni sẹ́ńsọ̀ PIR tó ń pa gílóòbù nígbà tí kò sí ènìyàn nínú yàrá, àti DS3231 dípò DS1307, àwọn IC tó ń ka àkókò. DS1307 pẹ̀lú kírísítálì lásán lè yẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan lóṣù. DS3231 kì í fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan. Bí wọ́n bá mú iná, bátìrì CR2032 ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ka àkókò lọ.