Áàpù ayò tàbí lúdò: Android ni ká kọ́kọ́ ṣe ni, àbí iPhone?

Ìbéèrè tí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ áàpù eré wá bá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí máa ń kọ́kọ́ bi wá nìyẹn. Olùkọ́ kan ń fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ta ayò lórí fóònù dípò kí wọ́n máa wo fídíò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹlòmíràn wà lókè òkun, ó fẹ́ máa bá bàbá rẹ̀ tó wà nílé ta dírááfù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, máa ń wá láti àdúgbò Under G, wọ́n á ti ya káàdì eré tuntun sínú ìwé, yóò wá ku kó di áàpù. Owó tí wọ́n mú wá kì í sábà tó láti ṣe Android àti iPhone pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní láti ṣáájú.

Mo máa ń sọ fún wọn pé ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ mọ àwọn tó máa jókòó ti ọpọ́n àti irú fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn. Eré orí ọpọ́n kò dà bí áàpù ìròyìn tàbí ti báńkì. Ènìyàn lè dá ka ìròyìn. Ayò ń fẹ́ ẹni méjì, lúdò lè gba ẹni mẹ́rin, bí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn kò bá sì lè gbé áàpù náà sórí fóònù rẹ̀, eré ti dàrú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ìlú kan wà tí ènìyàn 8 nínú 10 ń lo Android, tí 2 tó kù ń lo iPhone. Bí áàpù wa bá wà lórí Android nìkan, tí ẹni méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé bá fẹ́ ta ayò, nínú ìgbà 100, ó máa ṣeé ṣe fún wọn nígbà 64. Bó bá jẹ́ iPhone nìkan ni a ṣe é fún, ìgbà 4 péré ni. Ní ti lúdò ẹni mẹ́rin, Android á ṣe é nígbà bíi 41 nínú 100, iPhone kò ní tó ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé a kì í ṣẹ́ kèké yan ọ̀rẹ́: ẹni tó ń lo iPhone sábà máa ń rìn pẹ̀lú ẹni tó ń lo iPhone, nǹkan kò sì ní rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, bí àwọn tó ń jókòó ti ọpọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yíyan ibi tí èrò kò pọ̀ sí á máa ṣe yín ní jàǹbá sí i.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye tó wà ní àdúgbò tiyín? Iye tí wọ́n ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní agbègbè Tákíé, kí ẹ bi wọ́n pé ojú fóònù wo ni wọ́n ń pààrọ̀ jù. Tecno, Infinix àti itel ni ẹ máa gbọ́ ṣáá, ilé iṣẹ́ Transsion ti orílẹ̀-èdè China ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Android ni gbogbo wọn sì ń lò. Ẹ máa gbọ́ Samsung náà. Ẹ máa gbọ́ iPhone tòkunbọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí yunifásítì ju àwọn tó wà láàárín ọjà lọ. Fún eré tí ará ìlú ń bá ará ìlú ta, èsì mi kò yí padà: Android ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n Android kì í ṣe fóònù kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ áàpù tó dára ń kú sí. Ẹ wo ẹni méjì tó ń ta ayò lábẹ́ ibòji ní ìrọ̀lẹ́, lórí fóònù kékeré kan tí RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí áàpù ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kò ju 2GB lọ. Ẹni tó kàn fẹ́ kó ọmọ ayò méje nínú ilé kan, ni ìpè WhatsApp bá wọlé. Ó gbé e, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó padà, ọpọ́n ti di tuntun, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé méjèèjìlá, ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ti di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Fóònù náà kò bàjẹ́. Nígbà tí àyè kò tó, ṣe ni Android pa áàpù tí kò sí lójú kí èyí tí ènìyàn ń lò lè rí àyè. iPhone náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ti ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Ohun tí a ń ṣe sí i ni pé kí áàpù kọ ipò ọpọ́n sílẹ̀ sínú fóònù lẹ́yìn títa kọ̀ọ̀kan. Kí ló wà níbẹ̀ tó pọ̀? Iye ọmọ tó wà nínú ilé 12, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ, àti ẹni tó kàn. Kò tó ọ̀rọ̀ kan tí ènìyàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí ẹ bá fẹ́ gba áàpù lọ́wọ́ ẹni tó bá yín ṣe é, ẹ pe fóònù náà láàárín eré, ẹ ṣí áàpù mẹ́rin-márùn-ún mìíràn, kí ẹ tó padà sídìí ọpọ́n.

Ẹ tún gbé e jáde sínú oòrùn ọ̀sán. Àwọ̀ igi tó lẹ́wà nínú yàrá lè má jẹ́ kí ènìyàn rí ọmọ ayò rárá lójú fóònù tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Kí ọmọ ayò sì máa bọ́ sílé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó má sáré, nítorí ojú àwa tí a mọ ayò ta máa ń bá ọwọ́ kà á.

Ọ̀rọ̀ kí ènìyàn máa bá fóònù fúnra rẹ̀ ta ayò náà ń bẹ. Ilé mẹ́fà ló wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí náà ọ̀nà tó lè gbà ta lẹ́ẹ̀kan kò lè ju 6 lọ. Bí fóònù bá ń wo títa 4 síwájú, ọ̀nà tó máa yẹ̀ wò lè tó 1,296. Bó bá wo 6, ó lè tó 46,656. Bó bá wo 8, ó lè ju 1,600,000 lọ, fóònù á gbóná, bátìrì á sì máa sọ̀ kalẹ̀, nílùú tí iná kò dúró sójú kan. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀ láti yẹ gbogbo ipò tó lè wà nínú awari wò, eré kan tó bá ayò wa tan. Ipò náà lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣìṣe, ọ̀mì ni. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó sì wú mi lórí, ṣùgbọ́n áàpù yín kò nílò rẹ̀. Títa 4 ti tó láti dá òpè lágara. Fún ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta gidi, ẹ ní kí wọ́n fi àkókò dé e: kí fóònù ronú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì ta èyí tó dára jù nínú ohun tó ti rí. Nípa bẹ́ẹ̀, fóònù tó lágbára á ta gidi, èyí tí kò lágbára kò sì ní dákú.

Ó ku owó. Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé áàpù sí Google Play. Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún. Lọ́dún mẹ́ta, 25 ni ti Google, 297 ni ti Apple. Yàtọ̀ síyẹn, Xcode tí a fi ń ṣe áàpù iPhone kì í ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn àfi Mac. Ní ti ìdá tí wọ́n ń yọ lórí ọjà tí ẹ bá tà, 15 nínú 100 ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pé mílíọ̀nù dọ́là kan lọ́dún, ìyẹn kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀.

Ohun kan wà lọ́dọ̀ Google tó máa ń dé bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì. Láti oṣù kọkànlá 2023, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí kì í ṣe ilé iṣẹ́, gbọ́dọ̀ rí àwọn tó máa dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 gbáko kó tó lè ṣí i fún gbogbo ayé. Ènìyàn 20 ni wọ́n kọ́kọ́ ní, wọ́n wá dín in kù sí 12. Ẹ ti máa kó orúkọ wọn jọ kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ má sì fi orúkọ oníṣẹ́ tó ń bá yín ṣe é ṣí àkáǹtì. Orúkọ tiyín ni kó wà lórí àkáǹtì náà, torí ọjọ́ tí ọ̀nà ẹ̀yin àti ẹni tó bá yín ṣe é bá pín, ọwọ́ ẹni tó ni àkáǹtì ni áàpù máa wà.

Ìgbà wo ni kí iPhone wá ṣáájú? Nígbà tí ẹni tó máa sanwó kò bá gbé níbí. Ní Amẹ́ríkà, iPhone ju ìdajì fóònù tí wọ́n ń lò lọ, káàkiri ayé sì ni owó tí wọ́n ń ná ní App Store fi ju ti Google Play lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Google Play ni wọ́n ti ń gbé áàpù jù. Nínú àwọn eré orí ọpọ́n ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ọmọ Jámánì tó ń jẹ́ TheCodingMonkeys gbé Carcassonne sórí iPhone ní 2010, Ticket to Ride náà sì jáde fún iPad ní 2011. Ojú iPad tó fẹ̀ náà ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lóore. Dírááfù ìgboro tiwa ní ilé mẹ́wàá ní ìbú àti mẹ́wàá ní òró. Lójú fóònù tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méje, ilé kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mìlímítà méje, bẹ́ẹ̀ Google fúnra rẹ̀ ń dámọ̀ràn nǹkan bíi mìlímítà mẹ́sàn-án fún ohun tí ìka máa tẹ̀. Ayò kò ní ìṣòro yẹn, torí ilé mẹ́fà péré ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ènìyàn sì lè dá fóònù dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe áàpù tí àwọn òbí Yorùbá ní òkè òkun máa rà fún ọmọ wọn lórí iPad, ẹ má wo ti Tákíé rárá.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ bá bàbá rẹ̀ ta dírááfù wá yàtọ̀ pátápátá. iPhone ló wà lọ́wọ́ ọmọ, Tecno ló wà lọ́wọ́ bàbá. Èyíkéyìí tí a bá ṣe nínú méjèèjì, àwọn méjèèjì kò ní lè jọ ta. Fún irú wọn, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣe é sórí wẹ́ẹ̀bù, kí Chrome ti bàbá àti Safari ti ọmọ jọ ṣí i. Ìlujá (líǹkì) kan lórí WhatsApp ti tó, títa kọ̀ọ̀kan kì í sì í jẹ dátà púpọ̀. Ohun tó bù ú kù ni pé ẹni tó ń wá eré nínú Google Play kò ní rí i.

Ní ti olùkọ́ wa, ó lè bẹ̀rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá: Android, fóònù kan láàárín ọmọ méjì, kí wọ́n máa gbé e fún ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á fi Xender gbé e fún ẹlòmíràn láìná dátà, èyí tí iPhone kò gbà.

Èyí tẹ́ ẹ bá fi ṣáájú, ẹ ní kí òfin eré wà lọ́tọ̀ sí àwòrán àti bọ́tìnì nínú kóòdù. Irinṣẹ́ bíi Flutter, Unity àti Godot wà tó lè mú kóòdù kan jáde fún méjèèjì, mo sì ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í báni dán an wò lórí fóònù, wọn kì í sì báni bá Apple fa ọ̀rọ̀. Ìlujá tí àwọn tó ń ta á fi ń pe ọ̀rẹ́ wọn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ojú ìwé tó ń ṣí i lè ka iye tó wá láti orí iPhone tí wọ́n sì padà lófo. Nígbà tí iye yẹn bá ti pọ̀ tó láti gbé dọ́là 99 àti iṣẹ́ tó tẹ̀lé e, ẹ pe ẹni tó bá yín ṣe ti àkọ́kọ́.